Ọ̀rọ̀ Orúnkún Tí Mo Pa Rẹ́

Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tí a bá ti to ìlà sẹ́yìn lémọ́ọ̀mù ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa n'Ílá, ọkùnrin kan wà tó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bí gbogbo wa bá forí kanlẹ̀, òun á kàn tẹ orí ba díẹ̀ níbi tó jókòó sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún á sì nà gbọọrọ síwájú bí igi tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà kò tíì pé ọmọ àádọ́ta ọdún. Làmídì ni orúkọ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni, ìyá kan náà ló bí wọn. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé kádàrá ni, pé ohun tí Ọlọ́run bá kọ mọ́ ẹ̀dá kò ṣeé pa rẹ́. Èmi náà á dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kádàrá ni. Ohun tí Ọlọ́run kọ kò ṣeé pa rẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí Làmídì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé kí n kọ, èmi ni mo pa á rẹ́. Ìrésà tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò ni mo fi pa á rẹ́, lórí tábìlì mi, ní ọ̀sán gangan, tí orí mi sì pé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú sí mi. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí inú búburú kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọmọ Ìresì ni mí. Iṣẹ́ tíṣà ló gbé mi dé Ìlá. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé girama: bí a ṣe ń lo ayùn, bí a ṣe ń fa ìlà sórí irin, bí ohun kékeré ṣe lè gbé ohun ńlá bí a bá mọ ibi tó yẹ ká fi ọwọ́ sí. Ìlá ni mo ti pàdé Sàlámọ́tù, ìyàwó mi, tó ń ránṣọ nítòsí ọjà. Bàbá wọn ti kú nígbà tí mo lọ tọrọ rẹ̀, Làmídì ló dúró bíi bàbá. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Tíṣà, iṣẹ́ orí lẹ̀ ń ṣe, iṣẹ́ èjìká lèmi ń ṣe. Ẹ bá mi tọ́jú àbúrò mi." Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi kọjá ohun tí ẹ̀sìn wí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é ní Bọ̀dá, tí òun náà sì ń bọ̀wọ̀ fún mi bíi pé mo jù ú lọ, nítorí ìwé tí mo kà.

Iṣẹ́ èjìká tó ń sọ yìí, agbérù ni ní ibi ìlagi tó wà lọ́nà Òkè-Ìlá. Ọkọ̀ á já gẹdú sílẹ̀, ẹ̀rọ á là á, pákó á máa já sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ. Làmídì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́rin á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbé e láti ilẹ̀ sórí òṣùká tó wà léjìká, wọ́n á gba orí pákó tí wọ́n fi ṣe àtẹ̀gùn gòkè sínú lọ́rì. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni láti àárọ̀ títí di ìgbà tí oòrùn bá wọ̀. Tó bá di Sátidé, Làmídì á wá sílé wa, kò ní jókòó sórí àga. Orí sìmẹ́ǹtì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló máa ń dùbúlẹ̀ sí, á ní kí òtútù ilẹ̀ gba ẹ̀yìn òun sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ á yọ́ òrí, á fi ra á ní ìbàdí. Mo máa ń wo ọkùnrin tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń di ògiri mú kó tó lè dìde, á sì dùn mí. Ẹ gbà mí gbọ́, ó ń dùn mí.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gé Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ni mo wọ yunifásítì láti gba oyè kejì. Àsìkò ọlidé ni mo ń lọ, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ n'Ílá. Ọ̀gá tó ń darí ìwádìí mi ló kọ́kọ́ là mí lójú sí ẹ̀kọ́ kan tí èmi kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe lè mú kí iṣẹ́ bá ara òṣìṣẹ́ mu, kó má jẹ́ pé ara òṣìṣẹ́ ni a ó máa fi tipátipá mú bá iṣẹ́ mu. Nínú ìwé kan ní ilé ìkàwé wọn ni mo ti rí àwòrán òyìnbó kan tó wọ irin sára. Irin náà gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá sí ẹsẹ̀, ó dà bí eegun tí wọ́n tò sí ìta ara. Wọ́n ní ẹni tó bá wọ̀ ọ́ á lè gbé ẹrù tí agbára rẹ̀ kò ká. Mo jókòó ti àwòrán náà títí wọ́n fi ní kí n dìde, àwọn fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Làmídì ni mo ń rò. Níbo ni tíṣà bíi tèmi ti máa rí irin bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń padà bọ̀ wálé nínú ọkọ̀, mo rí àwọn fọkanáísà lẹ́bàá títì pẹ̀lú òkìtì rọ́bà inú táyà lọ́rì, ni ọgbọ́n bá sọ sí mi lọ́kàn.

Mo gé rọ́bà náà ní ọ̀já ọ̀já. Mo ní kí oníbàtà kan rán awọ méjì tí a ó gbé kọ́ èjìká, àti méjì tí a ó dì mọ́ abẹ́ orúnkún. Sàlámọ́tù fi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ rán aṣọ tapólì sínú awọ náà kó má bàa bó ènìyàn lára. Àwọn ọ̀já rọ́bà náà wá láti èjìká, wọ́n gba ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ṣe àgbélébùú ní ìdí, wọ́n sì lọ dé abẹ́ orúnkún. Bí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀, rọ́bà á fà. Bó bá fẹ́ dìde pẹ̀lú ẹrù, rọ́bà náà á máa fà á sókè, iṣẹ́ tí ìbàdí ì bá ṣe á dín kù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ fún Làmídì ní àgbàlá wa, ó wo ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Mo ní eegun ìta lórúkọ rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, Mùsùlùmí ni mí o. Ẹ máà sọ mí di eégún." Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé pákó méjì tí mo kó síbẹ̀, ó dìde. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dìde. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ kan ìbàdí rẹ̀ bíi pé ó ń wá nǹkan tó sọnù. Ó ní, "Kò dùn mí." Sàlámọ́tù fi etí ìró nu ojú.

Bí mo bá sọ pé nǹkan náà kò ṣiṣẹ́, irọ́ ni mo pa. Ó ṣiṣẹ́. Ní oṣù àkọ́kọ́, Làmídì wá sílé wa ní Sátidé, ó sì jókòó sórí àga. Mo ń lọ sí ibi ìlagi lẹ́yìn iléèwé, mo ń fi òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn kòkó wọn pákó, mo ń ka iye ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, mo ń béèrè bó ṣe rí lára wọn. Èdè Ìgbómìnà ni wọ́n ń bá mi sọ, Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń fi lẹ́ẹ̀dì kọ sínú ìwé kékeré mi. Alájì tó ni ibi ìlagi wá dúró ti mi lọ́jọ́ kan. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Bí agbérù kan bá ṣàìsàn, á bẹ̀ ẹ́ wò. Ó wo Làmídì títí, ó ní, "Tíṣà, ẹ ṣe mẹ́rin sí i kó lè kárí wọn." Mo ṣe é. Inú mi dùn bí ẹni tó gbẹ́ kànga tí omi sì rú.

Kò pẹ́ sí i ni ẹni tó ti ń gbé pákó méjì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mẹ́ta. Nígbà tó yá, ó di mẹ́rin. Alájì ní, "Ṣebí rọ́bà ló ń gbé e báyìí, ẹ̀yìn wọn kọ́." Ojú mi ló ṣe sọ ọ́, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Kí ló dé tí n kò sọ̀rọ̀? Mo mọ̀ pé tìtorí kí ara lè sinmi ni mo ṣe ṣe é, kì í ṣe tìtorí kí ẹrù lè pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n pákó mẹ́rin tí wọ́n ń gbé yẹn, ó máa dára gan-an nínú ìwé mi. Ọ̀gá mi ní yunifásítì ti ń sọ pé ìwádìí mi yàtọ̀, pé òun á fi hàn àwọn ẹlẹgbẹ́ òun. Ẹni tí wọ́n ń yìn kì í fẹ́ gbọ́ ohun tó máa dá ìyìn náà dúró.

Ọjọ́ Tọ́sìdé kan ni Làmídì pè mí sẹ́yìn òkìtì èèpo igi. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Ibi tí mo dì mọ́ abẹ́ orúnkún rẹ̀ ti dégbò, orúnkún ọ̀tún sì wú. Ó ní, "Tíṣà, ẹ kọ eléyìí sílẹ̀. Ẹ̀yìn kò dùn mí mọ́, ṣùgbọ́n ìrora náà kò lọ sílé, orúnkún ló kó lọ. Bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ látinú lọ́rì, ó máa ń yẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀." Mo kọ ọ́. Ó tún ní, "Ẹ sì kọ èyí náà. Bí wọ́n bá lè kan pẹpẹ kan sẹ́yìn ẹ̀rọ, kó ga dé ibi ìgbànú mi yìí, kí pákó máa já sórí rẹ̀ dípò ilẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ni mo tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ fún? Èjìká ni mo máa fi gbà á. N kò ní nílò rọ́bà." Mo kọ ìyẹn náà. Ẹ wo ọkùnrin tí kò mọ ìwé kà, tó fi gbólóhùn mélòó kan parí ohun tí mo ti ń fi ọdún méjì wá. Wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Èmi kò pè é ní wèrè, ṣùgbọ́n mo gbé ọgbọ́n rẹ̀ pamọ́ nítorí pé kì í ṣe tèmi. Ta ló máa fún ènìyàn ní oyè kejì nítorí pẹpẹ?

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀gá mi ránṣẹ́ pé kí n kó iṣẹ́ mi wá kíákíá, pé àwọn olùkọ́ fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n bá sì daṣẹ́ sílẹ̀, kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n máa wọlé. Ibì kan wà nínú ìwé náà tí mo gbọ́dọ̀ kọ ohun tí àwọn tó wọ nǹkan náà ráhùn nípa rẹ̀ sí. Bí mo bá kọ ọ̀rọ̀ orúnkún síbẹ̀, wọ́n á ní kí n padà lọ tún un ṣe, ó lè gbà mí tó ọdún kan sí i. Mo wo ìwé kékeré mi. Mo mú ìrésà. Mo pa ọ̀rọ̀ Làmídì rẹ́, èyí tó jẹ́ ti orúnkún àti èyí tó jẹ́ ti pẹpẹ, mo sì fẹ́ ìdọ̀tí ìrésà náà dànù kúrò lórí tábìlì. Nínú ìwé ńlá tí mo fẹ́ kó lọ fún ọ̀gá mi, mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé kò sí ẹni tó ráhùn. Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá gba ìwé-ẹ̀rí tán, mo máa padà wá tún rọ́bà náà ṣe. Mo sọ fún Làmídì pé mo ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé. Bí ẹ bá ti kọ ọ́, ó dọ́wọ́ wọn."

Mo gba ìwé-ẹ̀rí náà. Wọ́n gbé mi ga níbi iṣẹ́. N kò padà lọ tún nǹkan kan ṣe. Iṣẹ́ pọ̀, àwọn ọmọ ń dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni mo ń dá ara mi lóhùn. Òjò ọdún kejì ló dé bá wa níbẹ̀. Ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ kan, Làmídì gbé pákó mẹ́rin, ó ń gòkè sínú lọ́rì, àtẹ̀gùn náà sì tutù. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní kò yọ̀. Wọ́n ní orúnkún rẹ̀ ló kàn ṣẹ́ sábẹ́ rẹ̀ bíi ti àgbàdo tí afẹ́fẹ́ dà. Ó ṣubú, pákó náà sì já lé ẹsẹ̀ náà. Nígbà tí mo dé ọsibítù, dókítà tó tọ́jú rẹ̀ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní pákó ló parí rẹ̀, ṣùgbọ́n orúnkún náà ti ń jẹrà lábẹ́lẹ̀ tipẹ́. Ó béèrè pé ṣé kò fìgbà kan sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ń dun òun? Mo wo ilẹ̀. Mo ní n kò mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ bá Alájì, mo ní kó jẹ́ kí n kan pẹpẹ kan sẹ́yìn ẹ̀rọ. Ó ní kí ni pẹpẹ fẹ́ ṣe? Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní, "Ṣé kò ju èyí náà lọ? Kí ló dé tí ẹ kò ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀?" Ó ní kí n mú igi tó bá wù mí nínú èyí tí wọ́n gé dànù. Èmi àti káfíńtà kan la kàn án, ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo ló gbà wá. Àwọn mẹ́rin tó kù bọ́ rọ́bà sílẹ̀, wọn kò sì tún wọ̀ ọ́ mọ́ títí di òní. Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tó ń dùn mí jù ni mo fẹ́ sọ yìí. Nígbà tí Làmídì dé láti ọsibítù tí wọ́n ti sọ fún un pé orúnkún náà kò ní ká mọ́, mo lọ kí i. Orí ẹní ló wà, ó fi ẹ̀yìn ti ìrọ̀rí. Ó ní kí n lọ mú ìwé ńlá náà wá, èyí tí wọ́n fi wúrà kọ nǹkan sí lára. Mo mú un wá. Ó fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn. Ó ní kí n ka ibi tí orúkọ òun wà. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ní iwájú ìwé, níbi tí mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Mo kà á. Inú rẹ̀ dùn. Ó wá pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ, ó ní, "Tíṣà, ẹ ka ibi tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ orúnkún. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé mo sọ ọ́ kó tó ṣẹlẹ̀, pé bàbá wọn kì í ṣe òmùgọ̀." Kí ni ẹ rò pé mo ṣe? Mo ṣí ìwé náà sí ibi tí mo kọ bí pákó ṣe wúwo sí. Mo fi ìka tẹ̀ lé ìlà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà bí ẹni tó ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì: "Làmídì sọ pé ẹ̀yìn kò dun òun mọ́, ṣùgbọ́n orúnkún ni ìrora náà kó lọ..." Mo kà á tán, mo tún ka ti pẹpẹ mọ́ ọn. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tó jọ ọ́. Làmídì mi orí, ó wo àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ ò gbọ́? Mo sọ ọ́."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi kò tó ogún ọdún. Lẹ́tà kan ló gbé e dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kàwé ní yunifásítì mìíràn ló kọ ọ́ sí mi. Ó ti rí ìwé mi, ó yìn mí, ó ní òun fẹ́ ṣe irú rẹ̀ fún àwọn tó ń já sìmẹ́ǹtì, pé ilé-iṣẹ́ kan ti ṣe tán láti fi wọ gbogbo agbérù wọn. Ó wá kọ ọ́ pé níwọ̀n bí kò ti sí ẹni tó ráhùn nínú àwọn tèmi, òun fẹ́ kí rọ́bà tòun le ju tèmi lọ. Mo ka gbólóhùn yẹn. Mo rí orúnkún àwọn èèyàn tí n kò mọ̀ rí. Mo jáde lọ bá Sàlámọ́tù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, mo sọ ohun gbogbo fún un, láti orí ìrésà dé orí ìwé tí mo fi ẹnu lásán kà.

Kò pariwo. Ó yọ òwú kúrò nínú abẹ́rẹ́, ó tún fi í sí i. Ìgbà tó yá ló ní, "Bàbá Múlíkà, èmi ni mo rán aṣọ tó wà nínú awọ yẹn." Mo ní mo mọ̀. Ó ní, "Iṣẹ́ yín ni ilé méjì gbójú lé báyìí, tiwa àti ti ẹ̀gbọ́n mi. Bí àwọn yunifásítì bá gba ìwé-ẹ̀rí yín ńkọ́? Ẹ kọ̀wé sí ọmọ náà pé nǹkan yẹn kò dáa. Ẹ má sọ bí ẹ ṣe mọ̀." Ó tún ní, "Ẹ má sì sọ fún Bọ̀dá. Ìwé yẹn ló kù tó fi ń gbé orí sókè." Mo gbìyànjú láti ṣe ohun tó wí. Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ènìyàn pé ewu wà níbì kan, kí n má sọ pé mo rí ẹni tó já sí i?

Ọ̀sán Sátidé ni mo lọ bá Làmídì. Alájì ti fún un ní iṣẹ́ ìjókòó, ayùn ni wọ́n máa ń gbé wá fún un nílé láti pọ́n. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú, ó ń fi fáìlì pọ́n eyín ayùn náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà, Ràfátù, tó ń ṣe tíṣà ní Òkè-Ìlá, wá kí i lọ́jọ́ náà, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú ilé. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bọ̀dá, ọ̀rọ̀ tí mo kà fún yín lọ́jọ́sí, kò sí nínú ìwé náà."

Ó pọ́n eyín méjì sí i. "Èwo?"

"Ọ̀rọ̀ orúnkún. Mo kọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ sọ ọ́, mo sì pa á rẹ́. Ohun tí mo kà létí àwọn ọmọ, orí ara mi ni mo ti mú un."

Ó gbé fáìlì sílẹ̀. "Ti pẹpẹ ńkọ́?"

"Òun náà."

"Orúkọ mi ńkọ́?"

"Orúkọ yín wà níbẹ̀."

Ó wò mí pẹ́. Ó ní, "Orúkọ mi wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ mi kò sí níbẹ̀." Ó wá rọra sọ̀rọ̀, kò bínú, ìyẹn ló sì burú jù fún mi. Ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ mọ̀ pé ǹ bá ti dín ẹrù yẹn kù fúnra mi? Mo lè sọ fún Alájì pé méjì ni agbára mi mọ. Ṣùgbọ́n mo rò pé ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ojoojúmọ́ ni mo ń retí pé wọ́n á fi èsì ránṣẹ́ láti yunifásítì. Mo ń gbé mẹ́rin, mo ń retí èsì."

Mo sunkún níbẹ̀, àgbàlagbà bíi tèmi. Kò ní kí n dákẹ́, kò sì ní kí n dìde. Nígbà tí mo ṣe tán, ó béèrè bóyá bíírò wà lápò mi. Mo ní ó wà. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ báyìí." Ó sọ gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀: egbò abẹ́ orúnkún, bó ṣe máa ń yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, pákó méjì tó di mẹ́rin, pẹpẹ tó ga dé ìgbànú. N kò fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ní Ìgbómìnà ọ̀hún, ni mo ṣe kọ ọ́. Nígbà tí a parí, mo ní kí n kà á fún un. Ó na ọwọ́, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó sì pe Ràfátù jáde látinú ilé. Ó ní, "Ìwọ wá kà á fún mi."

Ràfátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, èmi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Bó ṣe ń ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ni bàbá rẹ̀ ń mi orí. Lẹ́yìn náà ló ní kí n máa lọ fi í ránṣẹ́.

Mo ti fi í ránṣẹ́. Ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mi àtijọ́, pẹ̀lú lẹ́tà tí mo fi jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti fèsì: ó ti dá iṣẹ́ náà dúró, ó sì kọ ìbéèrè mọ́kànlá tó fẹ́ kí n bi Làmídì. Yunifásítì kò tíì sọ nǹkan kan. Sàlámọ́tù ń gbọ́únjẹ fún mi, ó ń kí mi káàárọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn kò sí láàárín wa. Làmídì ń dáhùn ìbéèrè náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Ràfátù ló sì ń bá a kọ ọ́. Wọn kò ní kí n wá kọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣèwádìí, tí ẹ ń gbé ìwé àti lẹ́ẹ̀dì lọ síbi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń fi ara ṣiṣẹ́, bí ẹni tó gbé ẹrù bá sọ ibi tó ń dun òun fún yín, ẹ kọ ọ́, bó tilẹ̀ máa ba iṣẹ́ yín jẹ́. Ó lè jẹ́ pé èsì ló ń retí. Ní tèmi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó pè mí, kí ilé méjì máa wo ojú ara wọn, àbí kí n dúró kí wọ́n fúnra wọn lé mi? Kí sì ni ọkùnrin lè ṣe kí àna rẹ̀ tún lè fún un ní ìwé kà?